Bí Adájọ́ Ṣe Ń Gòkè, Tí Ẹjọ́ Ń Padà Sẹ́yìn

Nígbà tí wọ́n bá kéde pé adájọ́ kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ti di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, ìkíni kú oríire ló máa ń gba ojú ewé ìwé ìròyìn kan. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò á kí i, ìlú rẹ̀ á kí i, àwọn tí wọ́n jọ kàwé náà ò ní gbẹ́yìn. Mi ò ní kí wọ́n má yọ̀, nítorí kékeré kọ́ ni iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó débẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí ìròyìn ayọ̀ yìí máa ń já láyà: àwọn tí ẹjọ́ wọn ṣì wà níwájú adájọ́ náà, tí àwọn ẹlẹ́rìí wọn ti sọ̀rọ̀ tán tàbí tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán, tí wọ́n ti náwó nára, tí irun ti funfun lórí wọn lẹ́nu ẹjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí adájọ́ bá búra fún ipò tuntun, ẹjọ́ wọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí iṣẹ́ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ yìí ṣe ń lọ, àti ìdí tí mo fi gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni búra fún ipò tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹjọ́ tó ti gbọ́ dé ìdajì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ti sọ ipò adájọ́ ìgbẹ́jọ́ di ibi tí èèyàn ń gbà kọjá lọ síbòmíràn, àwọn aráàlú tó gbé ẹjọ́ wá sì ni wọ́n ń san gbèsè rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tí mò ń sọ yìí kò tíì pẹ́ títí. Ọdún 1973 ni ìjọba ológun Gowon dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ ló sì wà fún nígbà náà, orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ìwé òfin ọdún 1979 ló sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ẹrù ń kún ẹrù fún un. Lábẹ́ abala 251 ìwé òfin 1999, òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí àwọn iléeṣẹ́, owó ibodè, ọ̀rọ̀ báńkì, ìforúkọsílẹ̀ àti ìtúká iléeṣẹ́, ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfuurufú, epo rọ̀bì àti ohun àlùmọ́ọ́nì, ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè àti àlejò, oògùn olóró, ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, àti ẹjọ́ tí wọ́n bá pe àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Tí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá ní wọ́n fi màgòmágó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òun kí ìdìbò tó dé, ibẹ̀ náà ló ń gbà lọ. Ó ní ẹ̀ka káàkiri orílẹ̀-èdè; níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, ó wà ní Ìkòyí l'Ékòó, ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì. Adájọ́ kan ṣoṣo ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. A kò ní àṣà kí àwọn aráàlú méjìlá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ̀bi. Òun nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun nìkan ló ń pinnu ẹni tó ń pa irọ́, òun nìkan ló sì ń sọ ohun tí òfin wí.

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà di irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ gùn. Lẹ́yìn yunifásítì àti Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin, èèyàn gbọ́dọ̀ ti jẹ́ agbẹjọ́rò fún ọdún 10 ó kéré tán. Àwọn kan ti ń dá ṣe lọ́yà, àwọn kan wá láti iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́, àwọn mìíràn ti jẹ́ adájọ́ májísíréètì. Àjọ kan tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣa orúkọ, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí NJC, ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ń ṣe alága rẹ̀. NJC á fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, á dábàá àwọn tó bá yege fún Ààrẹ, Ààrẹ á sì yàn wọ́n. Láti ọjọ́ ìbúra, ayé ẹni náà yí padà. Kò gbọ́dọ̀ ṣe òṣèlú. Kò gbọ́dọ̀ ṣòwò, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan tí ìwé òfin yọ̀ǹda fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó gbọ́dọ̀ mọ irú òde tó ń lọ àti irú ẹni tó ń bá jẹun, nítorí ẹni tó jókòó tì í nídìí oúnjẹ lónìí lè dúró níwájú rẹ̀ lọ́la. Èyí tó wúwo jù níbẹ̀ ni pé, tó bá fi ipò náà sílẹ̀, abala 292 kò gbà kó tún ṣe lọ́yà ní ilé ẹjọ́ kankan ní Nàìjíríà títí ayé rẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí lẹ́ni ogójì ọdún ó lé ti pinnu pé òun kò ní padà sídìí iṣẹ́ tó ń bọ́ òun tẹ́lẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ọ̀nà ẹ̀yìn, kò yani lẹ́nu pé òkè nìkan lojú rẹ̀ ń wò.

Kí a tó mọ ohun tó ń bàjẹ́ nígbà tí adájọ́ bá kúrò, ó yẹ ká wo ohun tó ń ṣe nígbà tó wà lórí àga. Láàárọ̀, akọ̀wé á kígbe, gbogbo èèyàn á dìde, adájọ́ á wọlé, á tẹríba fún àwọn lọ́yà, àwọn náà á tẹríba fún un, wọn á jókòó. Rẹ́jísírà á pe nọ́ńbà ẹjọ́. FHC ló máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà L tó bá jẹ́ ti Èkó, tàbí IB tó bá jẹ́ ti Ìbàdàn, lẹ́yìn náà irú ẹjọ́ tó jẹ́, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, ọdún ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò, ọdún tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹlẹ́rìí á búra, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀tù wa títí dòní, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, nínú ìwé ńlá tó wà níwájú rẹ̀. Tí ẹlẹ́rìí bá ń yára, lọ́yà á dá a dúró pé kó máa wo bírò Olúwa mi. Ẹlẹ́rìí á dákẹ́, bírò á máa lọ, bírò á dúró, ẹlẹ́rìí á tún bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá mú ìwé kan jáde láti fi ṣe ẹ̀rí, lọ́yà kejì á ta kò ó, adájọ́ á kọ àtakò náà sílẹ̀, á kọ èsì rẹ̀, á pinnu, á fún ìwé náà ní àmì. Báyìí ni wákàtí mẹ́ta ṣe ń parí lórí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀. Tí ìbéèrè àti ìdáhùn bá tán, tí àwọn lọ́yà méjèèjì bá ti rojọ́ ìkẹyìn wọn, ìwé òfin fún adájọ́ ní ọjọ́ 90 láti kọ ìdájọ́. Ó máa ń kọ ọ́ láàrin àwọn ẹjọ́ mìíràn tí wọn kò dáwọ́ dúró.

Gbogbo akitiyan yìí kì í ṣe fún àṣà lásán. Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìlànà òfin wa náà sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Adájọ́ tó bá gbọ́ ẹlẹ́rìí lẹ́nu, tó rí i bó ṣe ń lọ́ ahọ́n nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọjọ́ tó fọwọ́ sí ìwé, tó rí i bó ṣe wo ẹ̀gbẹ́ kan kó tó dáhùn, ní ohun kan lọ́wọ́ tí ìwé kò lè gbé. Ìdí nìyí tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kì í fi í yára yí ohun tí adájọ́ ìgbẹ́jọ́ bá rí padà. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó ń jókòó lókè kò rí ẹlẹ́rìí kankan. Àkọsílẹ̀ tó ti ìsàlẹ̀ wá ni wọ́n ń kà. Wọ́n lè sọ pé adájọ́ ìsàlẹ̀ ṣi òfin lò, ìyẹn sì ni iṣẹ́ wọn gan-an. Àmọ́ tó bá kan ẹni tó sọ òótọ́ àti ẹni tó parọ́, wọn kì í dá sí i àyàfi tí ohun tó kọ kò bá ẹ̀rí mu rárá. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwa ló ń pe ipò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ fi agbára síbẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Láti inú ìlànà yìí kan náà ni ìyọnu ti wá. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ ni kó dájọ́, a jẹ́ pé tí ẹni tó gbọ́ bá ti lọ, kò sí ẹni tó lè dá a mọ́. Yorùbá pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan tó sì dá a ní àgbà òṣìkà. Kí ni ká wá pe ẹni tí kò gbọ́ ẹnikẹ́ni rárá tó ń dá a? Torí náà, tí adájọ́ bá kú, tó bá fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn láì mú ẹjọ́ náà dání, tàbí tó bá gòkè, ẹjọ́ tí ẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú ẹlòmíràn. Wọ́n á tún ka ẹ̀sùn, wọ́n á tún pe àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rí tí ẹlẹ́rìí ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní wúlò fúnra rẹ̀ àyàfi ní ìwọ̀nba ìgbà tí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 là kalẹ̀, bíi kí ẹni náà ti kú, kí wọ́n máà rí i mọ́, tàbí kí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ ti gbé e pa mọ́. Ẹ rò ó wò ní ti òṣìṣẹ́ báńkì kan tó wá jẹ́rìí nígbà tó ṣì wà ní ẹ̀ka Ìbàdàn. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ó ń gbé ní Kánádà, kò sì ní ìdí kankan tó fi yẹ kó padà wá. Kò kú, wọn kò sì pàdánù rẹ̀, nítorí náà kò dájú pé òfin máa ṣàánú ẹni tó nílò rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun jẹ̀bi, èrè ńlá ni ìdádúró yìí jẹ́ fún un.

Kì í ṣe àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Láti 1979 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ, nínú ẹjọ́ Ogbunyiya àti Okudo, pé ìdájọ́ tí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga bá kà lẹ́yìn tí ipò rẹ̀ tuntun ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti bẹ̀rẹ̀, òfo ni. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin gbìyànjú láti tún un ṣe. Nínú òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 2015, abala 396, ìpín keje, wọ́n kọ ọ́ pé adájọ́ tó bá gòkè lè padà wá parí ẹjọ́ ọ̀daràn tó ti gbọ́ dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ gómìnà Ábíá tẹ́lẹ̀, Orji Uzor Kalu, àti Ude Udeogu tó jẹ́ ọ̀gá ètò ìṣúná ní ilé ìjọba níbẹ̀, wá dán an wò. Ọdún 2007 ni EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà àjẹbánu, kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn wọn dé ilé ẹjọ́. Ó lọ sókè, ó bọ̀ wá sísàlẹ̀, ó wá bọ́ sọ́wọ́ Adájọ́ Mohammed Idris l'Ékòó. Ní oṣù kẹfà 2018, lẹ́yìn tí olùpẹ̀jọ́ ti pe àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ tán, Adájọ́ Idris búra gẹ́gẹ́ bí adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n fún un láṣẹ láti máa padà wá, ó sì ń wá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá 2019 ló ka ìdájọ́: ọdún 12 fún Kalu, ọdún 10 fún Udeogu. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún 2020, àwọn adájọ́ méje ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní abala 396 yẹn tako ìwé òfin. Ẹni tó ti búra fún ilé ẹjọ́ òkè kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ mọ́, kò sì sí òfin àwọn aṣòfin tó lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàṣẹ kí ẹjọ́ Udeogu bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá ní EFCC kò lè tún gbé Kalu wá, nítorí pé àṣẹ àtúngbọ́ náà kò dárúkọ rẹ̀.

Mi ò sọ pé àwọn méjèèjì jẹ̀bi, mi ò sì sọ pé wọn ò jẹ̀bi. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ gan-an ni pé ẹjọ́ tó lé ní ọdún 12 kò fún ẹnikẹ́ni ní èsì tó dúró. Tí wọ́n bá jẹ̀bi, àwọn ará Ábíá kò rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Tí wọn kò bá jẹ̀bi, wọ́n ti sùn lẹ́wọ̀n lórí ìdájọ́ tí kò sí. Mo tún gbà pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ìwé òfin bó ti yẹ. Ìbúra kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré, ẹnikẹ́ni kò sì lè wà ní ipò méjì tí ọ̀kan ń yẹ iṣẹ́ èkejì wò. Kò sí ẹ̀bi kan tí mo rí lọ́rùn Adájọ́ Idris pẹ̀lú. Ohun tí òfin ìgbà náà ní kó ṣe ló ṣe. Ibi tí mo ti rí àṣìṣe ni ọjọ́ tí wọ́n fi ìbúra náà sí. Ìwé òfin sọ iye ọdún tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti lò nídìí iṣẹ́ lọ́yà kó tó gòkè, ó sọ ẹni tí yóò dábàá rẹ̀, ó sọ ẹni tí yóò yàn án. Kò sí ibi tó ti sọ pé kó búra kíákíá láìwo ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìgbéga.

Kí ló dé tí ìgbéga fi ń fa àwọn adájọ́ tó bẹ́ẹ̀? Iyì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ iyì nìkan kọ́. Títí di 2023, ìwé òfin tìkára rẹ̀ ló ń tì wọ́n. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọdún 65, ṣùgbọ́n tó bá ráyè gòkè, ó di ẹni ọdún 70 kó tó lọ sílé. Ọdún márùn-ún kì í ṣe kékeré fún ẹni tí òfin ti sọ fún pé kò ní ṣe lọ́yà mọ́ tó bá kúrò. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá dúró sídìí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, òun ni wọ́n ń fi ìyà jẹ. Ní oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó sọ ọdún 70 di ti gbogbo wọn. Mo ka àtúnṣe yìí sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kọ́ọ̀tù wa ní ọdún púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ní 2024 ni wọ́n tún fi kún owó oṣù àwọn adájọ́, lẹ́yìn tí owó náà ti wà lójú kan fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Kò sí ìdí mọ́ tí a fi ní láti lé adájọ́ ìgbẹ́jọ́ tó múṣẹ́ gòkè kó tó lè jẹun kalẹ́. Ohun tó kù ni ọwọ́ tí àwa fúnra wa fi mú ipò náà.

Àwọn kan á sọ pé ilé ẹjọ́ òkè nílò àwọn tó ti gbọ́ ẹjọ́ rí, pé ẹni tí kò jókòó gbọ́ ẹlẹ́rìí rí kò ní mọ bí àkọsílẹ̀ tó ń kà ṣe wáyé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní kí wọ́n má gbé àwọn adájọ́ gòkè. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Abala 238 ìwé òfin kò béèrè ju kí èèyàn ti jẹ́ agbẹjọ́rò fún ọdún 12. Nígbà tí Gowon fi Taslim Olawale Elias ṣe Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ní 1972, láti ipò agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ àti yunifásítì Èkó ló ti wá, kò sì gba orí àga adájọ́ ìgbẹ́jọ́ kọjá. Ọmọ Èkó yìí kan náà ló wá di ààrẹ ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague. Augustine Nnamani náà ti ipò agbẹjọ́rò àgbà bọ́ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1979. Àwọn ọ̀mọ̀wé òfin àti àwọn lọ́yà àgbà tó wà lóde lónìí pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì, kò sì sí ẹjọ́ aláìparí kankan lọ́wọ́ wọn tí yóò wó lulẹ̀ tí wọ́n bá búra lọ́la. Tí NJC bá fi àwọn bẹ́ẹ̀ kún àwọn tó ń gbé lọ sí òkè, tó sì fún adájọ́ ìgbẹ́jọ́ tó bá yàn ní àkókò láti tú ẹrù rẹ̀, ilé ẹjọ́ òkè kò ní ṣàìní èèyàn.

Ìbéèrè tó le jù ni ti àwọn tó mọ ìwà àwọn lọ́yà wa. Wọ́n á ní tí a bá sọ pé adájọ́ kò ní gòkè títí ẹjọ́ á fi parí, ẹni tó ń jẹ́jọ́ yóò máa fa ẹjọ́ gùn láti dí i lọ́wọ́, adájọ́ náà á sì lè máa kánjú dájọ́ kó lè tètè lọ. Ewu méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ohun tó wà nílẹ̀. Lónìí, ẹni tó fẹ́ kí ẹjọ́ kú mọ̀ pé tí òun bá lè fà á dé ọjọ́ ìgbéga, ó parí. Tí ìbúra bá wá ń dúró de ìparí ẹjọ́, kò sí ohun tí fífà gùn yẹn máa fún un. Òfin 2015 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà ti fún adájọ́ ní ohun ìjà: ẹjọ́ ọ̀daràn yẹ kó máa lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ sún ẹjọ́ ju ìgbà márùn-ún lọ, abala 306 kò sì gba kí wọ́n dá ìgbẹ́jọ́ dúró nítorí pé ẹnìkan ti lọ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti fọwọ́ sí abala 306 yìí. Ní ti ìkánjú, ìwé ìdájọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí ni ẹ̀rí tó máa dúró fún un tàbí lòdì sí i, nítorí pé àwọn tó fẹ́ lọ bá jókòó lókè gan-an ni wọ́n máa kà á.

Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé adájọ́ tó bá pẹ́ jù níbì kan á mọ àwọn ọlọ́lá ìlú mọ́ra jù. Èmi náà ò fẹ́ kí adájọ́ kan wà ní Àkúrẹ́ fún ogún ọdún. Gbígbé adájọ́ láti ẹ̀ka kan sí òmíràn dára, àmọ́ òfin kan náà ló yẹ kó mú un: kí wọ́n gbé e ní ìparí ọdún òfin, nígbà tí ìsinmi oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án bá fi àyè sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó mú àwọn ẹjọ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rí nínú wọn parí kó tó lọ. Pípẹ́ nídìí iṣẹ́ yàtọ̀ sí pípẹ́ níbì kan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìwé òfin wa ọdún 1979 ti wo àwòṣe púpọ̀, Ààrẹ Johnson fi Constance Baker Motley ṣe adájọ́ ìgbẹ́jọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New York ní 1966, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Orí ilé ẹjọ́ kan náà ló wà títí tó fi kú ní 2005. Kò sí ẹni tó ka ìgbésí ayé rẹ̀ sí ti ẹni tí kò rí ìlọsíwájú. Wọ́n tún ní ohun kan lọ́hùn-ún tí a kò tíì ní tó: akọ̀wé tó ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí sọ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nítorí pé àkọsílẹ̀ wọn pé, ìlànà wọn gbà kí adájọ́ mìíràn jẹ́rìí pé òun ti ka gbogbo rẹ̀, kó sì tẹ̀ síwájú níbi tí ẹni àkọ́kọ́ dé. Àwa tí adájọ́ wa ń fi ọwọ́ kọ ọ́, tó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kí bírò lè bá ẹnu ẹlẹ́rìí, kò tíì lè gbẹ́kẹ̀ lé irú rẹ̀. Ìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ, tí a sì gba àwọn tó mọ̀ ọ́n lò síbi iṣẹ́ ní gbogbo ẹ̀ka, a lè tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó gbọ́ ni ẹjọ́ so mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ohun tí kò béèrè fún àtúnṣe ìwé òfin rárá. Nígbà tí NJC bá ti pinnu láti dábàá adájọ́ kan, kí Adájọ́ Àgbà ilé ẹjọ́ rẹ̀ má ṣe pín ẹjọ́ tuntun fún un mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí wọ́n bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, kí wọ́n sì fi ọjọ́ ìbúra sí ẹ̀yìn ìparí wọn. Àwọn ẹjọ́ tí wọn kò tíì gbọ́ ẹ̀rí kankan nínú wọn lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Tí ẹjọ́ kan bá tóbi débi pé kò lè parí láàrin ọdún kan, kí ẹni náà dúró, kí wọ́n gbé ẹlòmíràn lọ, kí àyè tirẹ̀ wà fún un ní ìgbà mìíràn. Níwọ̀n bí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ti jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn báyìí, ìdúró náà kò dín ọdún iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ohun kan náà ló sì yẹ kí wọ́n ṣe fún ìfẹ̀yìntì. Ikú lè bá adájọ́ lójijì, àìsàn lè mú un, kò sẹ́ni tó lè ṣètò ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí adájọ́ máa pé ẹni ọdún 70 wà nínú fáìlì rẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ búra, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń pín ẹjọ́ ọdún mẹ́ta fún ẹni tó ku oṣù mẹ́jọ kó lọ sílé mọ ohun tó ń ṣe.